Òògùn Tó Wà Nínú Ìgò Fítámìn

"Ẹ bá mi di wàláà yẹn mú kó dúró dáadáa."

Ohun tí Alùfáà Mùrí máa ń sọ fún àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn, bó bá fẹ́ kọ ẹ̀kọ́ tuntun fún wọn. Ó ti lé lógún ọdún tí bàbá yìí ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ nílùú Ìwó. Lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí mìíràn kì í fẹ́ kí ọmọ wọn tètè fọ wàláà, kí ojú wọn lè rí i dọ́la.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ẹsẹ Kùránì tó máa ń kún wàláà tẹ́lẹ̀ kò wá ju ìdajì rẹ̀ lọ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún alùfáà ń gbọ̀n, àgàgà bó bá gbé e lé itan tí kò fi ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tó ń bínú, bẹ́ẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Bàrákàt, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Kuta, ló mú bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Dókítà tó wà níbẹ̀ yẹ bàbá wò títí, ó ní kó rìn, ó ní kó kọ̀wé, ó ní kó na ọwọ́.

"Àìsàn Pákínsìn ni," dókítà wí. "Inú ọpọlọ ló ti ń wá. Kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ranni. A ò tíì ní òògùn tó lè lé e lọ pátápátá, àmọ́ a ní èyí tó máa jẹ́ kí bàbá lè máa ṣe iṣẹ́ wọn."

Irú òògùn méjì ló fún wọn. Ọ̀kan jẹ́ lẹfodópà, èkejì jẹ́ sẹlẹjilíìnì. Ó mú èkejì yìí lọ́wọ́, ó gbé e sókè kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè rí i.

"Ẹ̀yin bàbá àti màmá, ẹ fetí sílẹ̀ níbí o. Òògùn yìí kì í bá àwọn òògùn ìrora kan gbé. Ibikíbi tí ẹ bá dé, kí wọ́n tó fún yín lábẹ́rẹ́ tàbí òògùn oníhóró, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ ń lo èyí. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́," ni Fàtímọ̀, ìyàwó alùfáà, dáhùn.

Lóòótọ́ ló gbọ́. Òògùn náà sì ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀, alùfáà tún ń dá bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ dé, ó sì ń rìn dé mọ́ṣáláṣí láìfi ọwọ́ di ògiri mú.

Ohun tó wá bà wá nínú jẹ́ ni ohun tí Fàtímọ̀ ṣe sí òògùn yìí. Ó yọ sẹlẹjilíìnì àti lẹfodópà jáde nínú páálí wọn, ó dà wọ́n sínú ìgò fítámìn kan tó ti ṣófo, ó sì sun páálí náà nínú ààrò. Bàrákàt bá a lórí ẹ̀.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn? Orúkọ òògùn ló wà lára páálí yẹn o."

"Nítorí orúkọ yẹn gan-an ni mo ṣe ń sun ún," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ṣé o ò mọ Ìwó ni? Bí ẹnì kan bá wọlé tó rí òògùn ọpọlọ ní yàrá alùfáà, kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti ní orí bàbá rẹ dàrú. Ta ló máa wá gbé ọmọ ẹ̀ wá sílé kéwú wa?"

"Wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀, màámi."

"Wọ́n á sọ ọ́. Mo máa sọ ọ́ tó bá jẹ́ alùfáà ẹlòmíì ni."

Bàrákàt yíjú sí bàbá rẹ̀. Bàbá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìyá rẹ kò purọ́," ni alùfáà wí. "Èmi ni àwọn èèyàn ń wá bá kí n ṣe àdúà fún wọn kí ara wọn lè yá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ tí mo fi ń ṣe àdúà ló ń gbọ̀n, kí ni mo fẹ́ wí? Jẹ́ kó wà nínú ìgò yẹn."

Bàrákàt kò lè bá òbí rẹ̀ jiyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó padà sí Kuta. Ìgò fítámìn sì di ibi tí òògùn ń gbé.

Àwa tí à ń sọ ìtàn yìí kò ní bá Fàtímọ̀ jà. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ bò ó láṣìírí. Irú ìfẹ́ yìí pọ̀ nílé wa, òun náà ló sì ń pa wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, alùfáà ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ kí wọ́n tó kírun Àìlà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé orí òkúta kí ó lè fọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ kejì kò sì dúró. Búútà fò sọ́tọ̀, bàbá ṣubú lu apá ọ̀tún. Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló gbọ́ bí egungun apá náà ṣe dá.

Bí àgbà bá ṣubú ní àdúgbò wa, ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí tẹ̀ lé e, àwọn ìyá ọmọ kéwú tẹ̀ lé e, àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà pàápàá bo ọjà wọn. Nígbà tí Fàtímọ̀ máa fi dé ilé ìwòsàn aládàáni tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ, yàrá ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Àbẹ̀ní, aládùúgbò wọn tí ọmọ rẹ̀ ń kéwú lọ́dọ̀ alùfáà, di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má sunkún, Ìyá Bàrákàt. Apá ni, kì í ṣe ẹ̀mí."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Lydia wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí màmá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé bàbá ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Àtọ̀gbẹ ńkọ́?"

"Kò sí."

"Òògùn wo ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́?"

Ó dà bíi pé gbogbo èrò náà ń dúró de ìdáhùn. Fàtímọ̀ wo ojú ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ rẹ̀ wò ó padà, ó sì rọra mi orí pé kó má sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Àbẹ̀ní ṣì di ọwọ́ Fàtímọ̀ mú.

"Fítámìn lásán ni wọ́n ń lò," ni Fàtímọ̀ wí. Ó tilẹ̀ fa ìgò náà yọ nínú báàgì, ó mì ín kí nọ́ọ̀sì lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lydia wo ìgò náà, ó wo ọwọ́ òsì bàbá.

"Ọwọ́ wọn tí kò dá yìí náà ń gbọ̀n o, màmá."

"Ìrora ni."

"Ṣé ó dá yín lójú pé kò sí òògùn mìíràn?"

"Nọ́ọ̀sì, mo ti sọ fún ọ. Kò sí."

Ìkìlọ̀ dókítà Ìbàdàn kò kúrò lọ́kàn Fàtímọ̀. Ó rántí rẹ̀. Àmọ́ ó sọ fún ara rẹ̀ pé òògùn tí èèyàn bá rà fúnra rẹ̀ ní kẹ́mísì ni dókítà yẹn ń bá wí. Ilé ìwòsàn rèé, àwọn náà kàwé, wọn ò lè fún ọkọ òun ní ohun tó máa pa á. Ó gbàgbé pé ohun tí wọ́n bá sọ fún onímọ̀ ni onímọ̀ fi ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n di apá bàbá. Ìrora náà pọ̀, nítorí náà wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tírámádọ́lù, wọ́n sì fún Fàtímọ̀ ní hóró rẹ̀ pé kó máa fún un nílé. Fún ẹni tí kò lo nǹkan mìíràn, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ bí dókítà bá wọ̀n ọ́n fún un.

Wọ́n gbé e padà wálé. Kí oòrùn tó wọ̀, ara alùfáà kò lélẹ̀ mọ́. Ó ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún. Òógùn bò ó. Ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ kéwú tí wọ́n ti dàgbà tí wọ́n ti lọ, ó ní kí wọ́n wá fọ wàláà wọn. Fàtímọ̀ rò pé apá ló ń dùn ún, ó fún un ní hóró tírámádọ́lù kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ṣí ìgò fítámìn, ó fún un ní òògùn àárọ̀ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹsẹ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

"Òtútù ń mú wọn," ni ẹnì kan wí.

Àbẹ̀ní sáré lọ sílé rẹ̀, ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn wá. Wọ́n fi wé bàbá láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọ́n sì ti fèrèsé. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń ké Kùránì sí i létí. Wọ́n fọ wàláà kan, wọ́n bu hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, sí i lẹ́nu, ó ń dà jáde. Ẹnì kan ní ojú ayé ti mú alùfáà. Ẹlòmíràn ní ìrora ló pọ̀ jù, kí wọ́n fi hóró kan kún un. Fàtímọ̀ fi kún un.

Lágbègbè àkókò ìrun Jímọ̀ ni Bàrákàt wọlé láti Kuta. Kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí bàbá rẹ̀, ó sì fà á padà.

"Ẹ ká nǹkan yìí kúrò lára wọn! Ara wọn ń jó bí iná, ẹ sì ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé wọn?"

"Òtútù ni, Bàrákàt," Àbẹ̀ní wí.

"Kì í ṣe òtútù! Màámi, kí ni wọ́n fún wọn nílé ìwòsàn?"

Fàtímọ̀ na páálí tírámádọ́lù sí i.

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ń lo òògùn Ìbàdàn?"

Ìyá rẹ̀ ń wo àwọn èèyàn tó wà nínú yàrá. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yẹn, ó ṣì ń wò wọ́n.

"Màámi, ṣé ẹ sọ fún wọn?"

"Mi ò sọ."

Wọ́n gbé bàbá padà sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí Bàrákàt sọ orúkọ sẹlẹjilíìnì, Nọ́ọ̀sì Lydia fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá, mo bi yín," ló wí. "Mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ì bá ti lé gbogbo èrò jáde kí n tó bi yín."

Wọ́n fi omi sí i lára lójú iṣan, wọ́n ń fi aṣọ tútù nù ún, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni Dókítà Rìnsọ́lá àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti gbà á. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Nígbà tó ráyè jáde sí wọn, ó pe Fàtímọ̀ àti Bàrákàt sí yàrá kan tí kò sí ẹlòmíràn, ó ti ilẹ̀kùn.

"Kí ló ń ṣe ọkọ mi, dókítà?" Fàtímọ̀ béèrè.

"Màmá, òògùn méjì ló pàdé lára bàbá tí kò yẹ kí wọ́n pàdé. Ohun kan wà nínú ọpọlọ wa tó máa ń gbé iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Bó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ara á palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Sẹlẹjilíìnì tí bàbá ń lò kì í jẹ́ kí ara tètè palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Tírámádọ́lù ní tirẹ̀ ń mú kó pọ̀ sí i. Ẹ wò ó báyìí pé ọ̀kan dí gọ́tà, èkejì wá ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀. Ilé á kún fún omi. Òun ló fà á tí ara wọn fi gbóná bẹ́ẹ̀, tí iṣan wọn le, tí ọkàn wọn ń sáré, tí wọn ò mọ ẹni mọ́."

"Bí mo bá ti sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

Dókítà Rìnsọ́lá fa àga sún mọ́ ọn.

"Wọn ì bá ti fún wọn ní òògùn ìrora mìíràn, màmá. Ó pọ̀ tí a lè lò. Párásítámọ̀lù wà. Nínú àwọn òògùn ìrora tó lágbára pàápàá, a máa ń mọ èyí tó bá a mu, a ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, a ó sì máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ẹni tó ní Pákínsìn kò ní láti máa jẹ̀rora. Kí a ṣáà ti mọ̀ ni."

Fàtímọ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Hóró mélòó kan ni mo fún un lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fún un."

"Màmá, ta ló mọ̀ pé bàbá ní àìsàn yìí?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwa mẹ́ta péré ni."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, Alùfáà Mùrí jáde láyé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín sí Ìwó. Àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ Ọjọ́bọ̀ ṣì wà lára wàláà náà, wínníwínní.

Nígbà tí àwọn èèyàn wá ń kí Fàtímọ̀ kú ará fẹ́ra kù, Àbẹ̀ní jókòó tì í lórí ẹní.

"Àbẹ̀ní," ni Fàtímọ̀ wí, "mo pa irọ́ kan. Alùfáà ní àìsàn kan tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Mi ò sọ fún nọ́ọ̀sì nítorí pé ẹ wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀."

Àbẹ̀ní wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Bàrákàt, ta ni kò mọ̀?"

Fàtímọ̀ gbé ojú sókè.

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ mi ti sọ fún mi pé lẹ́tà alùfáà ti kéré, pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Gbogbo àwa ìyá ọmọ kéwú ló mọ̀. Àwa la sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa di wàláà mú gírígírí fún wọn, kí wọ́n má sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó ronú láti mú ọmọ rẹ̀ kúrò."

"Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè. Ẹ sì gbọ́ ohun tí mo sọ."

"Mo gbọ́. Mo rò pé ẹ máa lọ bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ dójú tì yín."

Ariwo tí Fàtímọ̀ ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní òpópónà gbọ́ ọ. Ìgbà tí wọ́n gbé òkú ọkọ rẹ̀ dé, kò ké tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kí tiyín má baà dà bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí à ń sọ.

Bí ẹnikẹ́ni nílé yín bá ní àìsàn Pákínsìn, ẹ mọ orúkọ gbogbo òògùn tó ń lò. Bí sẹlẹjilíìnì tàbí rasajilíìnì bá wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ lo tírámádọ́lù, kò sì gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ pẹ́tídíìnì. Bó bá tilẹ̀ ti dá òògùn Pákínsìn yìí dúró láìpẹ́, ewu náà ṣì lè wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà ẹ sọ ìyẹn náà. Àwọn òògùn ikọ́ kan àti òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan lè fa irú ewu kan náà. Ẹ má ra èyíkéyìí láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn tó kàwé rẹ̀. Tírámádọ́lù tí àwọn kan ń tà lójú títì fún agbára iṣẹ́ oko, ẹ má jẹ́ kó wọ ilé aláìsàn yín rárá.

Lẹfodópà nìkan ni àwọn mìíràn ń lò. Àwọn náà ní láti sọ ọ́, torí òògùn ìrora tó lágbára lè fi oorun kún oorun wọn, ó lè mú kí òòyì kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde kí wọ́n sì ṣubú. Ó tún lè mú kí ìgbẹ́ le, ìgbẹ́ líle kì í sì í jẹ́ kí òògùn Pákínsìn ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ má torí ìbẹ̀rù dá òògùn Pákínsìn dúró fúnra yín. Ìyẹn náà léwu gan-an.

Ẹ jẹ́ kí òògùn máa gbé inú páálí rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sílé ìwòsàn, ẹ gbé páálí náà dání. Bí ara ẹni tó lo òògùn wọ̀nyí bá ṣàdédé ń gbóná, tí òógùn bò ó, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ tàbí tí ó le, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ẹ má fi hóró kankan kún un. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àdúà dára, ẹ máa ṣe é nínú ọkọ̀ bí ẹ ti ń lọ.

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ìlera, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí èrò jáde kí ẹ tó béèrè. Ẹ̀yin aládùúgbò tó mọ nǹkan kan, ẹ fa nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sọ ọ́ sí i létí. Ìyẹn kì í ṣe òfófó.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọwọ́ Alùfáà Mùrí ń gbọ̀n. Ẹnì kan ṣoṣo tó béèrè, tí mímọ̀ rẹ̀ ì bá sì gbà á là, òun nìkan ni wọn ò sọ fún.